Ẹnì Kan, Ẹ̀dà Méjì

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ariwo kan máa ń ti gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ gòkè wá bá mi ní ọ́fíìsì: "Ẹ gbẹ́sẹ̀! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ẹ gbẹ́sẹ̀!" Ọ̀gá wa nìyẹn. Dókítà ọkàn ni, òun sì ni olórí ìwádìí ní ilé ìwòsàn wa, ṣùgbọ́n Dókítà Gbẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Àwọn tí àrùn ọkàn ti kọ lù, tí a tọ́jú, tí a ní kí wọ́n máa lọ sílé, ni wọ́n ń wá bá a níbẹ̀. Wọ́n á rìn yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n á na apá, wọ́n á gun àtẹ̀gùn onípákó kan tí kò lọ síbì kankan, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé tipẹ́. Kò sí ohun tó wu ojú níbẹ̀.

Èmi ni mo ń ṣírò. Iṣẹ́ mi ni kí n ka àwọn tó kú àti àwọn tí kò kú, kí n wá sọ ohun tó fa ìyàtọ̀. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé bí ènìyàn bá bi mí pé ṣé ara mi le, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi í pé ta ló fẹ́ kí n fi ara mi wé. Mo ju ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Àwa méjèèjì la jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀, èmi nítorí ipò rẹ̀, òun nítorí ewú orí mi. Bàbá Oníṣirò ló ń pè mí.

Ohun tó sọ ọ̀gá di ẹni ńlá ni èsì kan tí àwa méjèèjì jọ gbé jáde. A wo àwọn aláìsàn wa láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ọsibítù. Nínú àwọn tó wá sí kíláàsì ìrìn yẹn, iye tó kú kò ju ìdajì iye tó kú nínú àwọn tí kò wá. Ìdajì! Oògùn olówó gọbọi gan-an kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó gàgàrà kan, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí gbọ̀ngàn. Àwòrán ọ̀gá wà lókè rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Àwọn ọsibítù mìíràn wá wò ó, wọ́n lọ dá kíláàsì tiwọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn ọkàn kọ lu ọkọ rẹ̀.

Ayàwòrán ilé ni ọkùnrin náà, aláwàdà ènìyàn. Tó bá wá gbé ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á yọjú sí mi, á bi mí bóyá òkú mi òní ti pé. Ọsibítù wa níbí ló ti gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá, ó lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bọ́ sí kíláàsì. Oṣù mẹ́ta la máa ń fún ènìyàn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun wá máa bá àwọn arúgbó gbẹ́sẹ̀ ni, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn dé, ó ní ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù méjì kò tíì pé tó dé ilé, ó ń fọ eyín lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀, ó parí.

Níbi tí a ti lọ bá wọn kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ìyá àgbàlagbà kan, dìde láàárín èrò, ó nàka sí i.

"Gbogbo ayé lò ń gbà là, ìyàwó. Ọmọ ìyá mi nìkan lo ò rí mú lọ síbẹ̀."

Kí ni ọ̀gá fẹ́ sọ? Èsì tí òun fúnra rẹ̀ gbé jáde ló ń ti ìyá náà lẹ́yìn.

Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ì bá sàn. Àmọ́ nígbà tó yá, ọkàn ìyá náà ní tirẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀, òun náà di aláìsàn wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí kíláàsì. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Àga iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí. Gbogbo ohun tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n ṣe ló ń ṣe ní àṣepé, láì wo ojú rẹ̀, láì sọ ju "ìyàwó, a dé" lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń fi ẹsẹ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ó máa ń bí mi nínú. Mo máa ń ti fèrèsé.

Nígbà tí a fẹ́ gbé èsì ọdún mẹ́wàá jáde, àwọn onímọ̀ tó máa ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dá a padà fún wa. Wọ́n ní ọ̀nà tí a gbà ṣírò ti di ti àtijọ́, kí a lo ìlànà tuntun. Ara ta mí. Ohun tí mo ti fi ń jẹun láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni wọ́n ń pè ní ti àtijọ́! Ọ̀gá ní tirẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Oníṣirò, ẹ lọ kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ òótọ́ la sọ, ìlànà wo ni ò ní gbè wá?"

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́ wa, èmi àti àwọn oníṣirò láti ibòmíràn. Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí àbígbẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jù lọ. Ajá kan ń gbó ṣáá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a má bínú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, mo ń retí ibi tí ọmọ náà á ti ṣìnà. Ó ní kí kálukú sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣókí. Mo sọ tiwa, mo sì dúró lórí "ìdajì" yẹn dáadáa kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ.

"Ẹ ṣé gan-an, bàbá," ó ní. "Ẹni tó ní òun máa wá lọ́sẹ̀ kẹfà, tó wá kú lọ́sẹ̀ kẹta, apá ibo lẹ kà á sí?"

"Kò wá. Mo kà á mọ́ àwọn tí kò wá."

"Ẹni tó wá lọ́sẹ̀ kẹfà ńkọ́? Ṣé ó ṣeé ṣe kí òun ti kú lọ́sẹ̀ kẹta?"

Mo sọ ẹsẹ̀ tí mo gbé lé ìkejì kalẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe, bàbá. Ó ní láti kọ́kọ́ wà láàyè kó tó lè wá. Gbogbo ikú tó tètè dé, apá kan ṣoṣo lẹ kó wọn sí. Kódà kí ẹ máa fi fídíò eré bọ́ọ̀lù hàn wọ́n nínú kíláàsì yẹn, ẹ ṣì máa rí i pé àwọn tó wá pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ."

Ajá yẹn tún gbó. Ojú tì mí débi pé mo pa kámẹ́rà mi, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi nínú ilé ìdáná. Aránṣọ ni, kò sì fẹ́ràn ìṣirò, àmọ́ bí mi ò bá lè ṣàlàyé nǹkan fún un, mo mọ̀ pé kò tíì yé èmi náà nìyẹn.

"Àwọn tó ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún," mo ní, "ṣé wọ́n pẹ́ láyé ju àwọn tí kò ṣe é lọ?"

"Ó dájú."

"Ṣé kéèkì ọjọ́ ìbí yẹn ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n yáa lọ ra tiyín sílẹ̀ lónìí."

"Ohun tí èmi àti ọ̀gá ṣe nìyẹn."

Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí."

Ó ní kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ti tuntun. Mo ní a ó máa sọ ẹnì kọ̀ọ̀kan di ẹ̀dà méjì láti ọjọ́ tó kúrò ní ọsibítù. Ẹ̀dà kan ni ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kí oṣù mẹ́ta tó pé, èkejì ni ẹni tí kò ní í bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni aago àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn náà bá wọ kíláàsì, a ó yọ ẹ̀dà tí kò ní í bẹ̀rẹ̀ kúrò, nítorí ó ti hàn pé irọ́ ni ìyẹn. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí a ò rí i, a ó yọ ẹ̀dà tó ní òun máa wá. Àwọn tó ṣẹ́kù, a ó fi kún ìwọ̀n wọn nínú ìṣirò kí wọ́n lè dúró fún àwọn tó jọ wọ́n tí a ti yọ.

"Ẹni tó bá wá kú kó tó ṣe ọ̀kan ńkọ́?"

"A ó ka ikú rẹ̀ sí apá méjèèjì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì? Ẹ̀ẹ̀kan tó kú yẹn ò tíì tó o?" Ó da omi abọ́ nù. "Iṣẹ́ yín yìí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo parí, ìdajì yẹn ti yọ́. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá tín-ín-rín débi pé mi ò lè sọ̀yà lé e lórí. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n má purọ́, àdúrà mi ni pé kí n rí àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe, ibi tí mo ti tẹ nǹkan lódì. Mi ò rí i. Àwọn tó wá sí kíláàsì ń gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹ, wọ́n ń sùn dáadáa, ìyẹn ò yẹ̀. Ikú ni kò dá wọn mọ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Tí ọ̀gá bá gba èsì yìí, iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ènìyàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá gbà á, ẹ̀sùn ìyá orí àga iwájú yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Mi ò mọ èyí tí á wù ú jù. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n fẹ̀yìn tì kí n sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ipò mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin nìyẹn.

Ọ̀gá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà.

"Ẹ ti ṣe àṣìṣe."

"Mo wá a títí, ọ̀gá. Mi ò rí i."

"Ìlànà tuntun! Tó bá dọ̀la wọ́n á tún gbé òmíràn dé tí á dá wa láre." Ó ju ìwé náà sórí tábìlì. "Ẹni tí wọ́n tì lórí kẹ̀kẹ́ wá bá mi nínú gbọ̀ngàn yẹn, tó wá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé, ṣé àlá ni mò ń lá?"

"Ìyẹn dúró. Ẹsẹ̀ wọn le sí i lóòótọ́. Ikú ni mò ń sọ."

Ó dìde, ó mú máàkà, ó nà án sí mi. "Ẹ yà á fún mi."

Mo yà á sára pátákó funfun: ìlà kan fún ẹnì kan, láti ọjọ́ tó kúrò ní ọsibítù títí dé òpin. Mo wá sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di méjì. Ó da ìbéèrè bò mí bí ẹni pé mo wá ṣe ìdánwò. Báwo la ṣe mọ ẹni tó jọ ẹni tí a yọ? Tí ohun kan bá wà tí a ò kọ sílẹ̀ nípa wọn ńkọ́? Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo mọ ọ̀gá, mo mọ ìgbà tí nǹkan bá wọ̀ ọ́ lórí. Ó máa ń bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ ni. Ó bọ́ ọ.

"Ẹ fi ẹnì kan hàn mí," ó ní. "Ènìyàn gidi."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo mú ẹnì kan, káfíńtà tó kú ní bíi ọ̀sẹ̀ kejì.

"Kì í ṣe òun."

Mo mọ ẹni tó ń sọ. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, kò bi mí rí ibi tó wà nínú ìṣirò wa, èmi náà kò sì mẹ́nu bà á. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣí ti àtijọ́: ìlà kan, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò wá. Mo wá ṣí ti tuntun: ìlà méjì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan pé yóò wá, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì pé kò ní í wá. Ojú kan náà ni ìlà méjèèjì ti dúró.

Ọ̀gá fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí.

"Èyí ni ẹni tó gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu."

"Òun ni."

"Òun náà kú."

Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ni mo bá sọ òótọ́. "Òun náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá. Ìṣirò ò sì lè sọ ti ẹnì kan fún wa."

"Mo mọ̀, Bàbá Oníṣirò. Ṣebí èmi ni mò ń fi ìyẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì fi pamọ́. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ó kọ̀. Pé mo sọ ọ́, ó kọ̀, mi ò sì fi dandan mú un. Kò síbi tó ti kọ̀ níbí. Ó ṣì ní àyè, oṣù mẹ́ta kò tíì pé."

Inú mi bàjẹ́. Mo jókòó tì í títí ó fi nu ojú rẹ̀. Kí n tó jáde, ó ní kí n fi èsì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó dá iṣẹ́ wa padà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí n sì bá òun pe àwọn tí yóò gbé pátákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, èmi náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀. Ó ní kíláàsì yìí dára fún ẹsẹ̀ àti oorun, ṣùgbọ́n pé ó ń dá ikú dúró tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ìṣirò ni. Ó ní àwọn tó kú kí ọwọ́ wọn tó tó kíláàsì, òun ti kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò fẹ́ wá. Ó ní kí wọ́n má bínú.

"Ṣé ká máa lọ sílé nìyẹn?" bàbá kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Ẹ máa lọ, tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ọmọ yín máa pọ̀n yín gun àtẹ̀gùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín lórí àga iwájú.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Àbúrò mi. Ká ní ó wá síbí, ṣé ì bá ṣì wà láàyè?"

"Mi ò mọ̀, mà," ọ̀gá ní. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé pátákó tí ẹ fi ń dá mi lẹ́bi, tí èmi náà fi ń dá ara mi lẹ́bi, ohun tó wà lára rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì kọ̀, mà. Ó ń múra àtiwá ni."

Ìyá náà wo bàtà rẹ̀, bàtà ìrìn funfun tó ti rà nítorí kíláàsì yìí. Mo rò pé èébú ló ń bọ̀. Mo tiẹ̀ ti ń wá èsì sílẹ̀ de ọ̀gá, ẹnu mi gbóná bẹ́ẹ̀.

"Ta wá ni kí n máa bínú sí báyìí?" ó ní.

Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà tó ń béèrè ọ̀nà. Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó tì í.

"Èmi náà ń wá ẹni yẹn, mà," ó ní.

Àwọn yòókù tò sórí ìlà, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó dìde, ó kọjú sí wọn.

"Ó yá o," ó ní. "Ẹ gbẹ́sẹ̀."

Wọ́n gbé e. Èmi náà gbé tèmi lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí, orúnkún mi sì dùn mí. Ọ̀gá ló dìde gbẹ̀yìn.